Ọkùnrin Tí Ó Ní Kí Wọ́n Ya Òun Sẹ́gbẹ̀ẹ́ Ìyá Òun

Ọkùnrin kan ń bẹ ní Àbújá tí ó ń ṣe fèrèsé onígíláàsì fún àwọn tó ń kọ́lé. Oyèníran ni orúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ náà gbè é. Ìyá rẹ̀ wà nílé, ní ìlú wọn, tí ó jẹ́ ìrìn ọjọ́ kan gbáko sí Àbújá. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ obìnrin wà nílùú náà pẹ̀lú, aṣọ ló ń rán. Àwọn méjèèjì nìkan ló yè nínú àwọn ọmọ tí ìyá náà bí.

Ẹní ni ìyá yìí ń hun. Ẹní ló fi tọ́ wọn dàgbà. Ọwọ́ rẹ̀ lágbára tó bẹ́ẹ̀ tí Oyèníran fi máa ń sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé nígbà tí òun wà ní kékeré, bí ìyá òun bá ti di òun lápá mú lójú títì, ọkàn òun á balẹ̀ pé kò sí ọkọ̀ tó lè gbá òun. Bí ó ṣe ń rí ìyá rẹ̀ lọ́kàn nìyẹn, àní nígbà tí òun fúnra rẹ̀ ti ń hu ewú.

Ní ọdún kan, nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, rọpárọsẹ̀ kọlu ìyá náà. Ó mú un lápá ọ̀tún, ó mú un lẹ́sẹ̀ ọ̀tún, ó sì fa ẹnu rẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ̀gbọ́n náà kó maṣíìnì ìránṣọ rẹ̀ kúrò ní ṣọ́ọ̀bù, ó gbé e wá sínú yàrá ìyá wọn, ó ń ránṣọ lẹ́bàá ibùsùn. Òun ló ń yí ìyá padà kí ẹ̀yìn rẹ̀ má baà dá egbò. Òun ló ń fi ṣíbí kékeré bọ́ ọ. Òun ló ń wẹ̀ ẹ́, tó ń pa á láṣọ dà, tó ń mọ ìgbà tí ìkérora jẹ́ ti ebi àti ìgbà tó jẹ́ ti ìrora.

Oyèníran kò pa ìyá rẹ̀ tì ní ti ohun tí ènìyàn lè rà. Mátírẹ́ẹ̀sì olówó gọbọi tí ara aláìsàn lè gbà dùbúlẹ̀, òun ló fi ránṣẹ́. Kẹ̀kẹ́ tí wọ́n fi ń ti aláìsàn kiri, òun ni. Oògùn kò tán nílé rí. Ṣùgbọ́n òun tìkára rẹ̀ kò wá.

Lẹ́ẹ̀kan, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ pè é lórí fídíò kí òun àti ìyá wọn lè rí ojú ara wọn. Ó rí i. Ó rí ẹnu tó wọ́ àti itọ́ tó ń ṣàn ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ó rí ọwọ́ tó máa ń hun ẹní tẹ́lẹ̀, tó dùbúlẹ̀ lórí aṣọ ìbora bí ohun tí ẹnìkan gbàgbé síbẹ̀. Ìyá ń làkàkà láti pe orúkọ rẹ̀. Oyèníran dojú fóònù dé orí tábìlì, ó jáde lọ sí ẹ̀yìnkùlé. Nígbà tí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ tún pè é, ó ní nẹ́tíwọ̀kì ni kò dára. Láti ọjọ́ náà lọ, bí ẹ̀gbọ́n rẹ̀ bá ní òun fẹ́ pè é lórí fídíò, á ní kí ó má ṣe ìyọnu, kí àwọn kàn máa gbọ́ ohùn ara àwọn.

"Ìyá ń béèrè rẹ," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ máa ń wí.

"Mò ń bọ̀ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀, ẹ̀gbọ́n mi. Ẹ bá mi sọ fún wọn."

Ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀ á dé, á kọjá. Ẹni tó bá ń wá ìdí tí kò fi ní lọ sílé, Àbújá kò ní jẹ́ kó wá a tì. Ṣùgbọ́n kì í ṣe iṣẹ́ ló dí i lọ́wọ́. Ẹ̀rù ni. Ó ń bà á lẹ́rù pé bí òun bá fi lè wọ yàrá náà, ìyá tí òun mọ̀ yóò kú mọ́ òun lójú, ẹlòmíràn ni yóò sì kù lórí ibùsùn. Kò sọ èyí fún ẹnikẹ́ni. Ìyàwó rẹ̀ pàápàá, ó jẹ́ kí ó gbà pé iṣẹ́ ni.

Ní ọjọ́ Àjíǹde ọdún náà, ìyá ní kí wọ́n gbé òun jáde síwájú ilé, òun fẹ́ ya fọ́tò. Aládùúgbò kan fi fóònù yà á. Ìyá jókòó lórí àga nínú aṣọ òfì rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n náà dúró tì í, ó fi apá gbá a mú léjìká, nítorí pé láìsí apá náà ìyá kò lè dá jókòó, ẹ̀gbẹ́ ni yóò dà sí. Ẹnu ìyá wọ́ nínú fọ́tò náà, ṣùgbọ́n ojú rẹ̀ ń rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n náà fi í ránṣẹ́ sí Àbújá. Kí iṣu tuntun tó jáde, ìyá ti kú.

Nígbà náà ni Oyèníran wá. Ó sin ìyá rẹ̀ dáadáa, kò sí ohun tó yẹ ní ṣíṣe tí kò ṣe. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ kò bá a jà. Ó kí i káàbọ̀, ó gbé oúnjẹ fún un, ó dá a lóhùn gbogbo ohun tó bi í. Ṣùgbọ́n kò sọ nǹkan kan fún un nípa àwọn oṣù tí ìyá fi dùbúlẹ̀, Oyèníran náà kò sì béèrè. Ní ọ̀sán ọjọ́ ìsìnkú, ó ń kọjá lẹ́yìn àtíbàbà nígbà tó gbọ́ tí ọkùnrin kan ń sọ fún ẹnìkejì rẹ̀ pé, "Ọmọ yìí mọ ilé òkú, kò mọ ilé aláìsàn." Ó ṣe bí ẹni tí kò gbọ́. Ṣùgbọ́n ó gbé ọ̀rọ̀ náà dání padà sí Àbújá.

Kò pẹ́ sí àkókò yẹn, ó lọ wọn fèrèsé nílé oníbàárà rẹ̀ kan, ó sì rí àwòrán kan lára ògiri. Bàbá àgbàlagbà kan ló wà nínú rẹ̀, ó dà bí ẹni pé ayàwòrán ayé àtijọ́ kan ló jókòó tì í tó fi ọ̀dà àti búrọ́ọ̀ṣì yà á. Onílé ní rárá, fọ́tò àtijọ́ ni, tó ti ń ṣá. Ó ní ọmọbìnrin kan ń gbé ní Kúbwá tó máa ń gba fọ́tò lọ́wọ́ ènìyàn, á sọ ọ́ di àwòrán ọlọ́dà nínú kọ̀ǹpútà, á wá tẹ̀ ẹ́ sórí aṣọ kánfáàsì.

Oyèníran wá ọmọbìnrin náà lọ. Ó bá a nídìí iṣẹ́. Ọmọbìnrin náà mú kálàmù tí kò ní yíǹkì lọ́wọ́, ó ń fi í rìn lórí pátákó pẹlẹbẹ kan. Ibi tí kálàmù bá gbà lórí pátákó, ọ̀dà á hàn níbẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà. Ó fi díẹ̀ nínú iṣẹ́ rẹ̀ han Oyèníran: ọkọ àti ìyàwó, ìkókó tó ń sùn, ìyá àgbà kan tó ń ṣa ẹ̀wà. Fọ́tò ni gbogbo wọn tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ènìyàn á rí ipa búrọ́ọ̀ṣì lára wọn, ìmọ́lẹ̀ á sì bà lé ojú wọn lọ́nà tí kì í gbà bà lé e nínú fọ́tò. Iṣẹ́ tó dára ni. Ẹnikẹ́ni má rò pé mò ń bú iṣẹ́ náà.

Ọkùnrin náà fi fọ́tò ọjọ́ Àjíǹde hàn án, ó ní ìyá òun tó ti kú nìyẹn.

"Ẹ kú àṣẹ̀yìndè màmá, sà," ni ọmọbìnrin náà wí. "Ṣé bí wọ́n ṣe wà yìí ni ẹ fẹ́ kí n yà wọ́n, àbí ó ní ohun tí ẹ fẹ́ kí n tún ṣe?"

"Ẹnu wọn. Ẹnu wọn kò rí báyìí tẹ́lẹ̀. Bá mi tún un ṣe."

"Ìyẹn kò le, sà."

"Mo sì fẹ́ kí èmi náà wà níbẹ̀."

"Ẹ mú fọ́tò tiyín wá. Màá fi yín sí ẹ̀gbẹ́ wọn kejì, kí ẹ lè pé mẹ́ta."

Ọkùnrin náà tún wo fọ́tò náà. Ó ní, "Rárá. Èmi àti ìyá mi nìkan ni kí o yà. Ẹni tó dúró yẹn, yọ wọ́n, kí o fi mí sí àyè wọn."

"Ta ni wọ́n, sà?"

"Ẹ̀gbọ́n mi ni."

"Ṣé wọn ò ní bínú?"

"Wọn ò ní bínú."

Nígbà tí ó padà lọ wo iṣẹ́ náà, ọmọbìnrin náà yí ojú kọ̀ǹpútà sí i. Ó ní, "Ẹ wo ibí, sà. Apá tó wà léjìká màmá, kò ṣeé yọ. Mo yọ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ńṣe ni màmá dà bí ẹni tó fẹ́ ṣubú. Ni mo bá dá a padà. Mo fi àwọ̀ aṣọ yín bò ó, mo so ó mọ́ yín lára. Kò sí ẹni tó máa mọ̀."

Oyèníran wò ó títí. Ìyá rẹ̀ ló ń wò yìí, ẹnu rẹ̀ gún, ara rẹ̀ dá. Òun náà sì nìyí lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó gbá a mú. Omi bọ́ lójú rẹ̀.

"Bẹ́ẹ̀ ló yẹ kó ti rí," ló wí.

Ó gbé àwòrán náà kọ́ sí pálọ̀ rẹ̀ níbi tí ẹni tó bá wọlé yóò ti kọ́kọ́ rí i.

Kò purọ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́. Àlejò kan wo àwòrán náà, ó ní, "Ẹ tọ́jú ìyá yín o. Ẹ wo bí ẹ ṣe dì wọ́n mú." Oyèníran ní, "A dúpẹ́." Ìyẹn nìkan ló sọ. Àlejò mìíràn dé, ó sọ irú ọ̀rọ̀ kan náà, Oyèníran ní, "A sa ipá wa." Ó tún ṣe, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan bi í pé ìgbà wo ni wọ́n yà á. Ó ní, "Ọjọ́ Àjíǹde ni. Àwọn ló ní kí n gbé àwọn jáde síwájú ilé." Ọ̀rọ̀ náà jáde lẹ́nu rẹ̀ geere bí ohun tó ti ń sọ láti ọjọ́ pípẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ń gbé omi bọ̀ fún àlejò nígbà náà. Ó gbé abọ́ omi kalẹ̀, ó padà sí ilé ìdáná. Nígbà tí àlejò lọ tán, ó bi ọkọ rẹ̀ pé, "Ta ló gbé ìyá jáde?"

"Ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ni."

"Mo gbọ́," ni ìyàwó rẹ̀ wí. Kò tún béèrè mọ́. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, bí àlejò bá ti gbójú sókè sí ara ògiri, obìnrin náà á wá nǹkan ṣe ní ibòmíràn.

Ìtàn náà ń dàgbà sí i. Lónìí, Oyèníran á sọ ohun tí ìyá fẹ́ jẹ lọ́jọ́ yẹn. Lọ́la, á sọ bí òun ṣe ń yí i padà lórí ibùsùn. Ó gbọ́ díẹ̀ nínú rẹ̀ lẹ́nu ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù nígbà náà, ó fi ara rẹ̀ sí ipò ẹ̀gbọ́n náà, ó ń bá a lọ. Ó wá dé ibi pé bí ó bá dijú, á rí ara rẹ̀ níwájú ilé ìyá rẹ̀ ní ọjọ́ Àjíǹde, á rí oòrùn, á rí àga náà. Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin ẹ̀yìn àtíbàbà sọ kò fi bẹ́ẹ̀ dùn ún mọ́.

Ní ọdún tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wọn tó wà ní Àbújá ṣe ìpàdé nílé rẹ̀. Gbogbo wọn rí àwòrán náà. Alága wọn dìde, ó ní òun ti rí ohun tí ẹgbẹ́ yóò tẹ̀ sára kàlẹ́ńdà ọdún náà. Ó ní àwọn ọ̀dọ́ ti ń gbàgbé òbí wọn sílé, ó yẹ kí wọ́n rí àpẹẹrẹ. Ó tún ní bí wọ́n bá lọ ṣe ọjọ́ ìlú nílé, kí Oyèníran dìde, kí ó gba àwọn ọ̀dọ́ níyànjú lórí bí a ṣe ń tọ́jú òbí.

Ìgbà yẹn ló yẹ kó kọ̀. Ṣùgbọ́n kò sí bí ó ṣe lè kọ̀ ọ́ láì jẹ́wọ́. Gbogbo wọn ń wò ó, wọ́n ń rẹ́rìn-ín sí i. Ó ní, "Ẹ ṣeun." Wọ́n tẹ kàlẹ́ńdà náà, wọ́n sì dì í sínú báàgì ránṣẹ́ sílé. Wọ́n pín in láti ojúlé dé ojúlé.

Ọjọ́ ìlú ku ọ̀la nígbà tí Oyèníran wọ̀lú. Ènìyàn kì í dé ìlú kó má kí ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Ó lọ síbẹ̀ lọ́sàn-án. Bí ó ṣe wọlé, ohun tí ó kọ́kọ́ rí ni kàlẹ́ńdà náà. Ó wà lára ògiri, lókè maṣíìnì ìránṣọ.

"Jókòó," ni ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wí. Ó bu omi fún un. Ó padà sídìí maṣíìnì, ó ń bá aṣọ tó ń rán lọ.

"Ẹ̀gbọ́n mi," ni Oyèníran wí, "kàlẹ́ńdà yẹn…"

"Mo rí i. Kò sílé tí kò dé. Èmi ni mo gbé e kọ́ síbẹ̀."

"Ẹ má bínú."

"Ìyá mi ló wà níbẹ̀. Kí ló dé tí mi ò ní gbé e kọ́? Ẹnu wọn gún. Mo ti gbàgbé bí ẹnu wọn ṣe rí nígbà tó gún. Ọjọ́ tí wọ́n mú un wá, mo jókòó sórí àga tí o wà yẹn, mo sunkún." Ó gbé ẹsẹ̀ kúrò lórí maṣíìnì, maṣíìnì dákẹ́. "Ọwọ́ yẹn, ọwọ́ mi ni."

Oyèníran gbójú sókè sí kàlẹ́ńdà náà.

"Wo àtàǹpàkò. Àpá abẹ́rẹ́ tó gún mi nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́ ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó yà á mọṣẹ́."

"Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ dárí jì mí."

"Pé o yọ mí kúrò kọ́ ló dùn mí. Àwòrán ni. Ó ní ohun tó dùn mí." Ó ń fi ọwọ́ tẹ́ aṣọ tó wà níwájú rẹ̀, ó ń tẹ́ ibi tó ti tẹ́ tẹ́lẹ̀. "O sin wọ́n, o padà lọ. Kò sí ọjọ́ kan tí o bi mí pé, báwo ni wọ́n ṣe rí? Kí ni wọ́n sọ? Àwọn èèyàn ń dé láti Àbújá, wọ́n ń sọ fún mi ní ìtàn tí o ń sọ nípa ìyá wa. Gbogbo ayé lo ń sọ ọ́ fún. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n, o kò béèrè lọ́wọ́ mi."

Oyèníran sọ̀ kalẹ̀ lórí àga, ó kúnlẹ̀ lórí ilẹ̀ẹ́lẹ̀ láàárín àwọn ègé aṣọ. Ó ní, "Mo wá ń béèrè báyìí."

Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ti aṣọ tó ń rán sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Lẹ́yìn náà ló bẹ̀rẹ̀ sí sọ̀rọ̀.

"Ojoojúmọ́ ni wọ́n ń béèrè rẹ. Nígbà tó yá, mi ò mọ ohun tí mo tún lè sọ fún wọn. Mo bẹ̀rẹ̀ sí purọ́. Mo ní, 'Oyèníran dé lánàá, ẹ ti sùn.' Wọ́n ní, 'Kí ló dé tí o kò jí mi?' Mo ní ìwọ lo ní kí n jẹ́ kí wọ́n sinmi. Mo ń sọ bẹ́ẹ̀ fún wọn ṣáá. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, wọ́n fi ọwọ́ tó ṣì ń ṣiṣẹ́ dì mí mú. O mọ̀ pé ọ̀rọ̀ kì í já gaara lẹ́nu wọn mọ́, ó pẹ́ kí n tó gbọ́ ọ tán. Wọ́n ní, 'Má sọ bẹ́ẹ̀ fún mi mọ́. Mo mọ̀ pé kò wá. Ọmọ mi ni, mo mọ̀ ọ́n. Kò lè wo ojú mi báyìí. Nígbà tí bàbá yín kú, abẹ́ ibùsùn ló sá sí, a wá a títí.' Wọ́n ní kí n sọ fún ọ pé kí o má bẹ̀rù. Wọ́n ní, 'Bó bá lè wá, kó máa bọ̀. Bí kò bá lè wá, sọ fún un pé mi ò bínú sí i.'"



"Kí ló dé tí ẹ ò sọ fún mi?" ni Oyèníran wí.

"Inú ń bí mi. Mo ní lọ́jọ́ tó bá béèrè, màá sọ fún un. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mi ò jiyàn. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo rí kàlẹ́ńdà yìí, mo ní ó ti parí. Ẹni tó ti wà níbẹ̀, kí ló tún fẹ́ béèrè?"

Ọkùnrin náà gbé orí lé ẹsẹ̀ maṣíìnì, ó sunkún bí kò ṣe sunkún níbi ìsìnkú. Láti ìgbà tí ìyá rẹ̀ ti kú ni ọ̀rọ̀ yìí ti ń dúró dè é nínú yàrá yìí. Ìdáríjì ti wà nílẹ̀ kí wọ́n tó gbẹ́ sàréè. Ìbéèrè kan péré ló kù kí ó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́. Dípò kó béèrè, Kúbwá ló lọ, ó lọ wá ìtùnú mìíràn.

Ní ọjọ́ kejì, àwọn ará ìlú péjọ. Wọ́n pe Oyèníran jáde, wọ́n kí i, wọ́n gbé gbohùngbohùn lé e lọ́wọ́. Ọ̀rọ̀ rẹ̀ kò gùn.

Ó ní, "Ẹ ti rí àwòrán tó wà lára kàlẹ́ńdà. Mi ò sí níbẹ̀. Mo ní kí wọ́n yọ ẹ̀gbọ́n mi kúrò, kí wọ́n fi mí sí i. Ọwọ́ tó di ìyá wa mú yẹn, ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni. Wọ́n pè mí títí, ẹ̀rù bà mí, mi ò wá. Mi ò ní ìmọ̀ràn kankan fún àwọn ọ̀dọ́."

Ó dá gbohùngbohùn padà. Ẹnìkan rẹ́rìn-ín lẹ́yìn, kò sì rí ẹni tó bá a rín in. Inú bí alága ẹgbẹ́, ó ní ó ti dójú ti àwọn níwájú ọba àti ìjòyè, kò sì bá a sọ̀rọ̀ mọ́ ní gbogbo ọjọ́ náà. Wọ́n pe ẹni tó kàn. Oyèníran ń rìn bọ̀ láàárín àga, kò mọ ibi tí yóò jókòó sí. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ wà lórí bẹ́ńṣì lẹ́yìn pátápátá. Ó sún, ó fún un láyè.

Má rò pé ó tán síbẹ̀. Kàlẹ́ńdà kì í ṣe ọ̀rọ̀ tí ènìyàn lè sọ kó sì gbé e mì. Ó wà lára ògiri títí ọdún náà fi parí. Àwọn tí kò sí níbẹ̀ lọ́jọ́ ìlú ṣì ń rí Oyèníran lọ́nà, wọ́n ń yìn ín. Gbogbo ìgbà tí wọ́n bá ti yìn ín ló ní láti tún un sọ pé òun kò sí níbẹ̀. Ó sọ ọ́ nílé ìgbéyàwó, ó sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń rọ epo mọ́tò, ó sọ ọ́ fún ọ̀rẹ́ tó bi í léèrè nígbà kan nípa ọjọ́ Àjíǹde. Kò fìgbà kan rọrùn. Ṣùgbọ́n ó ń lọ sílé sí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ẹ̀gbọ́n rẹ̀ á máa ránṣọ, á máa sọ bí ìyá ṣe rí fún un, díẹ̀díẹ̀. Òmíràn nínú rẹ̀ le létí. Ó ń gbọ́ ọ. Ìyá tí ó ń bẹ̀rù láti rí nígbà ayé rẹ̀, ẹ̀yìn ikú rẹ̀ ló ṣẹ̀ṣẹ̀ ń mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ wá kàn ọ́ wàyí, ìwọ tí o jókòó níwájú mi.

O wá bá èmi pásítọ̀ rẹ pé kí n dìde ní Sátidé, níbi ìsìnkú bàbá rẹ, kí n sọ fún ìjọ pé ìwọ lo dúró tì wọ́n títí wọ́n fi mí kanlẹ̀. O ní kì í ṣe irọ́ gbáà, pé o ń fi nǹkan ránṣẹ́, pé o ń pè. Mo mọ̀. Mo sì mọ̀ pé o nífẹ̀ẹ́ wọn, ẹni tí kò nífẹ̀ẹ́ kì í wá irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kiri. Bí mo bá sọ ọ́, ìjọ yóò gbà á gbọ́. Àwọn èèyàn yóò bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ìyàwó àbúrò rẹ, ẹni tó wẹ̀ wọ́n, tó gbé wọn sùn, tó gbé wọn jí, yóò jókòó láàárín ìjọ, yóò gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò ní sọ nǹkan kan. Ohun tó yẹ kó bà ọ́ lẹ́rù nìyẹn, pé láti Sátidé lọ, títí láé, kò ní sọ nǹkan kan fún ọ.

Lọ sílé rẹ̀. Má mú ẹ̀bùn lọ́wọ́. Sọ fún un pé o kò sí níbẹ̀, kí o sì bi í bí bàbá rẹ ṣe lo ọjọ́ ìkẹyìn wọn. Ó lè jẹ́ pé wọ́n fi ọ̀rọ̀ sílẹ̀ fún ọ. Ó lè jẹ́ pé wọn ò fi nǹkan kan sílẹ̀, tàbí kó jẹ́ ọ̀rọ̀ tó korò ni wọ́n fi sílẹ̀, n kò lè mọ̀. Èyí tó wù kó jẹ́, tìrẹ ni, jókòó kí o gbà á. Lẹ́yìn náà, kí o padà wá síbí, kí èmi àti ìwọ jọ wá ohun tí n ó sọ ní Sátidé, tí obìnrin náà yóò lè gbójú sókè gbọ́.

Ilẹ̀ kò tíì ṣú. Dìde, kí o máa lọ.